Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa ayàwòrán: kí ìfilọ̀ káńsù àti àwòrán ìlú má ṣe wà lábẹ́ àgádágodo ẹlòmíràn

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Akọ̀wé Káńsù,
àti sí gbogbo Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó wa. Àwa tí a kọ ìwé yìí ni ayàwòrán tí a ní sítúdíò káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ sí òde ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ọdún egúngún. Ẹ mọ̀ wá. Àwa náà lẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ́gísírì nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá fẹ́ jáde.

Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún ni pé kí káńsù ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ènìyàn lè ṣí láì kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan. Kí a jọ kó àwòrán ìlú yìí pamọ́ síbẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ yín sì dákun yéé pa àwòrán rẹ́ nínú kámẹ́rà wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tó fà á.

Lẹ́yìn ọdún egúngún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gbé àwòrán egúngún Alápáńsánpá sí ojú òpó ńlá kan tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé egúngún náà mú pàṣán lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe é kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú òpó náà rí pàṣán, ó ní ìwà ipá ni, ó sì ti àkáǹtì náà pa. Àwòrán egúngún nìkan kọ́ ló bá a lọ. Àwòrán ìyàwó, àwòrán òkú àgbà, orúkọ oníbàárà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti jọ sọ lórí iṣẹ́ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé. Ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ ló tún dá a lóhùn. Kò sí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tí ó lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí àgbà kan tí ó lè bẹ̀ kí ó bá a dá sí i. Ẹni tó dá ẹjọ́ náà kò mọ Alápáńsánpá, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí wọn kò tì mọ́ta nínú wa, ìyà tiwọn yàtọ̀. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló yàn láti máa tẹ̀lé wa, síbẹ̀ tí a bá gbé iṣẹ́ tuntun jáde, kò ní rí i àfi tí a bá sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ni ojú òpó náà. A ó san tìyẹn, a ó tún ra dátà, èyí tí owó rẹ̀ ti lé sí i láti ìgbà tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún un.

Kò rí báyìí níbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1993, ilé ìwádìí CERN ní Switzerland yọ̀ǹda World Wide Web, ìyẹn ètò ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí Tim Berners-Lee ṣe lọ́dọ̀ wọn, fún gbogbo ayé, láì gba kọ́bọ̀. Nítorí ìyẹn ni ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà fi lè ní ojú ewé tirẹ̀ láì tọrọ àṣẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wa kó wọ inú ilé àwọn olówó. Facebook ra Instagram ní 2012 ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ó ra WhatsApp ní 2014 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19. Ibi tí à ń fi iṣẹ́ hàn sí, ibi tí oníbàárà ti ń bá wa dúnàádúrà, ibi tí à ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, onílé kan ṣoṣo ló ni ín. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, 2021, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú pọ̀ fún bí wákàtí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn wà. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n gbọ́njú bá Rediffusion, rédíò oníwáyà ayé àtijọ́, ní Ìbàdàn ló sọ ọ́ tó yé wa jù: wáyà ni wọ́n fà wọ ilé, wọ́n kan àpótí mọ́ ògiri, o ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, o kò sì lè yí i sí ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ti àwòrán ló ń dùn wá jù. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, ni omi odò Ògùnpa ya wọ ìgboro. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ya àwòrán ọjọ́ náà, wọ́n kó nẹ́gátíìfù rẹ̀ sínú páálí lókè àjà, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wá wo tiwa. Mápó Hall ni wọ́n ti gbé Ọba Lékan Balógun gorí àpèrè Olúbàdàn ní oṣù kẹta 2022, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ní oṣù keje 2024, àti Ọba Ràṣídì Ládọjà ní oṣù kẹsàn-án 2025. A wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí ojú òpó àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán wọ̀nyẹn wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í bá ènìyàn dúró. Flickr, ìkànnì tí à ń kó fọ́tò pamọ́ sí, sọ ní 2018 pé ẹni tí kò bá sanwó kò gbọ́dọ̀ ní ju fọ́tò 1,000 lọ. Google pa Google+, ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀, dé ní oṣù kẹrin 2019. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, 2021, ààyè ọ̀fẹ́ tí kò lópin nínú Google Photos dópin. A kò pè wọ́n lólè. Ilé wọn ni, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìtàn Ìbàdàn yóò fi jẹ́ ayálégbé níbẹ̀?

Ìjọba pàápàá kò mú ọ̀rọ̀ wa rọrùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ rẹ́. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà dára. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa mọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kò sì ṣí títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní, 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní oṣù keje ọdún náà pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pàdánù láàárín oṣù méje yẹn kò padà. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá lè pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ́, ẹ̀yin àgbà wa, ta ló fẹ́ dáàbò bo ìfilọ̀ káńsù?

A béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ nìkan ni ìfilọ̀ káńsù lórí owó pátákó sítúdíò ti jáde. Ẹni tí kò bá ní àkáǹtì níbẹ̀ kò lè kà á já. Àwọn ìyá àti bàbá ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò gbọ́. Ẹni tí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí egúngún kò gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ kọjá, wọ́n fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì gba owó ìtanràn. Ẹ jọ̀wọ́, kò tọ́.

Bákan náà, ní ìgbà òjò, ọ̀kan nínú wa ń ya àwòrán gọ́tà kan tó dí. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù gba kámẹ́rà rẹ̀, wọ́n ní kí ó pa ohun tó yà rẹ́ lójú wọn. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ wà nínú mẹ́mọ́rì kan náà, ó bá a lọ. Abala 39 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn àti láti fi í ránṣẹ́. Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní, 2024, tí ohun abúgbàù dún ní Bódìjà. Gbogbo ìlú gbọ́ ìró rẹ̀. Fọ́tò àti fídíò tí àwọn ará àdúgbò gbé síta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn ńkọ́?

Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀ yín pé kí káńsù gba àdírẹ́sì tó parí sí .gov.ng, èyí tí orílẹ̀-èdè yìí fi sọ́tọ̀ fún ìjọba, kí gbogbo ìfilọ̀, iye owó àti fọ́ọ̀mù máa kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó fúyẹ́ tí fóònù kékeré fi lè ṣí i láì jẹ dátà púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé e lọ sí ojú òpó yòówù tó bá wù yín. Kí ẹ tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò, nítorí àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí ẹnikẹ́ni má san owó ìtanràn lórí ìfilọ̀ tí kò jáde ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ní ti àwòrán ìlú, a kò ní kí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ fún wa ní yàrá kan tó ní iná àti kọ̀ǹpútà, a ó mú àwòrán wa wá, ti Ògùnpa àti ti Mápó, a ó kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á sí i lábẹ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ méjì wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkan má bàa jóná tàbí bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Ti ọmọdé àti ti ayẹyẹ inú ilé, a kò ní gbé e síbẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. A mọ̀ pé ìkànnì náà yóò gba owó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù keje, 2024, ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wá sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, a sì gbà pé ohun tí à ń béèrè yìí kéré gan-an sí títún ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe.

Kí ẹ sì fún àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ìwé àṣẹ, tí a ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba kámẹ́rà tàbí pa àwòrán rẹ́ níta gbangba.

Ohun tó ju agbára káńsù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ti àkáǹtì pa láì sí ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀, ẹ bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Agodi.

Alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ti ṣetán láti wá bá yín jókòó ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan rán sí wa.

Tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé, Akápò àti Ìyá Ẹgbẹ́,
lórúkọ gbogbo àwa ayàwòrán ìjọba ìbílẹ̀ yìí.