Má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù ò tíì máa yọ wọ́n lẹ́nu? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ìyá wa ní Ìjàyè ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti kan páànù ilé yín tán, mo fojú ara mi rí i. Ìyá Alákàrà wa ti Adátán ti kú, ọjọ́ Jímọ̀ la sin wọ́n. Bá mi gbàdúrà fún wọn nínú oṣù àwọn òkú tí a wà yìí.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn láti Ọjọ́rú ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí ohùn tí o gbà sílẹ̀ wọlé sórí WhatsApp, mò ń ha ẹ̀kọ kúrò lára adìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde. Ọwọ́ mi méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ìka tó kéré jù ni mo fi tẹ fóònù. Mo gbọ́ ọ tí o ní ó ti sú ọ, pé ní ọjọ́ 20 oṣù yìí o máa lọ sí kóòtù ní Cologne ní Jámánì níbẹ̀, o máa san 30 yúrò, o máa fọwọ́ sí i pé o kì í ṣe ọmọ ìjọ Kátólíìkì mọ́. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Rìsí láti ṣọ́ọ̀bù kejì ní, “Ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn.

Mo mọ̀ pé owó orí ìjọ tí wọ́n ń yọ lówó iṣẹ́ rẹ níbẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìṣirò, mo ti ṣe é bí o ṣe sọ ọ́: 9 nínú 100, kì í ṣe lórí owó oṣù rẹ, lórí owó orí tí ìjọba ń yọ ni. Bí ìjọba bá yọ 500 yúrò, ìjọ a tún gba 45 lé e. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé, owó gidi ni. Níbí, ìkórè àti owó ìjọ là ń dá, bí kò bá sì sí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lápò wa.

Àmọ́ mo mọ̀ ọ́. Owó nìkan ò lè lé ọ jáde. Ìpàdé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù yín bá àwọn ọmọ ìjọ ṣe ló bí ọ nínú, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2019 tí wọ́n sì parí ní 2023, tí wọ́n dìbò níbẹ̀ pé kí á máa súre fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn. Nígbà tí ìwé tún ti Róòmù jáde ní oṣù Kejìlá 2023 pé àlùfáà lè súre fún irú wọn, o rántí bí gbogbo wa ṣe dákẹ́. Ọjọ́ 11 oṣù Kíní 2024 ni Kádínà Ambongo ti Kinshasa wá sọ ọ́ lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé súre bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé lọ́dọ̀ tiwa. Mo jó nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Ìgbéyàwó, ti ọkùnrin àti obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í lé wa lọ́wọ́, ohun tí wọ́n sì fi lé èèyàn lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí à ń dìbò lé lórí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ nìwọ náà dúró sí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ó lé ní 520,000 Kátólíìkì tó fọwọ́ sí irú ìwé yẹn ní Jámánì ní ọdún 2022 nìkan. Ní 2023, ó tún lé ní 400,000. Ta ló wá kù sílé? Ìwọ lo sọ fún mi pé ìwọ àti obìnrin Póláńdì kan nìkan lẹ máa ń kúnlẹ̀ gba Ara Olúwa ní ìjọ yín. Bí o bá lọ, ó ku òun nìkan.

Òní ni ọdún ìyàsímímọ́ Basílíkà Látéránì, ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́dún yìí. Mo lọ sí Mísà ní Adátán, mo jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí. Fadá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ìhìnrere Jòhánù orí kejì, ibi tí Jésù ti fi okùn ṣe pàṣán, tó da tábìlì àwọn tó ń pààrọ̀ owó nù. Ìyá Ìbejì, omi bọ́ lójú mi. Owó ló bí I nínú nínú tẹ́ńpìlì, bó ṣe bí ìwọ náà nínú. Àmọ́ “ilé Baba mi” ló ṣì pè é. Àwọn oníṣòwò ló lé jáde. Òun ò tìtorí wọn fi ilé náà sílẹ̀, Ó ṣì padà síbẹ̀ lọ kọ́ àwọn èèyàn. N kò gbọ́ ìyókù ìwàásù mọ́.

Mo tún ronú kan ilé ìwòsàn Lántòrò, níbi tí wọ́n ti bí ìwọ àti èmi. Ọdún 1880 ni àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì fún Áfíríkà, dé Abẹ́òkúta, ní 1895 ni Fadá Coquard dá ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀. Brésillac tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, kò rí ilẹ̀ wa rí. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1859, kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ibà pọ́njú fi pa á. Ní Lyon kan náà, ṣáájú 1822 ni Pauline Jaricot ti ń ṣètò kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dá kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Ará Faransé ni wọ́n, mi ò gbàgbé pé Jámánì lo wà. Àmọ́ àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀ wá, wọn ò ní rí wa láéláé, wọ́n sì dá kọ́bọ̀ wọn. Bí mo bá rántí ìyẹn, 45 yúrò náà máa ń yí padà lójú mi.

Ọ̀rọ̀ Trump ló gba ẹnu gbogbo ìlú. Láti ìgbà tó ti sọ ní ọjọ́ 31 oṣù tó kọjá pé wọ́n ń pa Kristẹni ní Nàìjíríà, tó sì wá halẹ̀ pé òun lè rán ṣọ́jà wá, gbogbo ọkọ̀ Pánsẹ́kẹ́ ló ti di ilé ìgbìmọ̀. N kò fẹ́ ṣọ́jà ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì 2022. Inú Mísà ni wọ́n wà. Ìyá Rìsí, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n bá mi sunkún lọ́jọ́ náà títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn wọ̀nyẹn kú síbi tí ìwọ fẹ́ fi 30 yúrò jáde kúrò. Má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní pa á rẹ́.

Òfin tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù yín ṣe ní oṣù Kẹsàn-án 2012 ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, kò ní lè gba Ara Olúwa, kò ní lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àfi bí ikú bá kàn án. Òfin náà kò dùn mọ́ mi, kí á máa fi owó orí dènà ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́. Àmọ́ òun ló wà níbẹ̀. Ó sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè di ìyá ìsàmì fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ń yí ká láti òkè nìyẹn. Àkọ́bí mi ti bímọ, obìnrin, ọjọ́ Tọ́sìdeè la sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ 11 oṣù Kíní, ní Sọ́ńdè Ìsàmì Olúwa, la máa gbé e lọ sí Adátán. Orúkọ rẹ ni mo fún kátíkísìtì gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì rẹ̀. Mo ti fún un kí ohùn rẹ tó wọlé ní Ọjọ́rú, n kò sì lọ pa á rẹ́. Ó ní bí o kò bá lè wá, ẹlòmíràn lè dúró fún ọ, àmọ́ ìwé gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ Fadá ìjọ yín wá pé ọmọ ìjọ ni ọ́. Jọ̀ọ́, bá mi lọ gba ìwé náà. Bí o bá sì ti lọ fọwọ́ sí ìyẹn kí lẹ́tà yìí tó dé, má fi pa mọ́ fún mi, pè mí, ì báà jẹ́ lóru.

Ọmọ Alhaja tó ń padà sí Düsseldorf lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ló ń bá mi mú un wá. Adìrẹ tí mò ń ha lọ́jọ́ yẹn náà wà nínú àpò. Mo gé e sí méjì, ọmọ máa lo ìdajì lẹ́yìn Mísà, ìdajì kejì ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Fẹ́mi