Kí Ni Orúkọ Ìyá Aláró?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé-ìwé girama kan n'Ìbàdàn. Ní sáà tó kọjá, mo mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi lọ sí kíláàsì, èyí tó ní ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí mo ti ń fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n yà sára aṣọ náà han àwọn ọmọ, pẹ̀lú àwọn ṣíbí tó wà láàrin òpó sí òpó, ni ọmọbìnrin kan ti nawọ́: "Mà, ta ló yà á?"

Ẹnu mi wọhò. Ìyá Aláró ni gbogbo agboolé wa ń pè wọ́n. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, àwọn náà ò mọ orúkọ mìíràn.

Nínú àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ni, mo bá àwọn agbẹ́gilére bí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ àti Làmídì Fákẹ́yẹ, pẹ̀lú ìlú wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Tó bá kan aró àti ìkòkò, wọn á ní àwọn obìnrin ló ń ṣe é, ó parí. Àwọn kan sọ fún mi pé aládìrẹ kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Ṣé àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ ń kọ tiwọn sára ère ni? Ẹnìkan ló bèèrè orúkọ wọn, la fi mọ̀ wọ́n. L'Ábẹ́òkúta, páànù tí àwọn ọkùnrin gé ni wọ́n máa ń fi tẹ ọnà sáṣọ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n n'Ìbàdàn níbí, ọwọ́ lobìnrin máa ń fi yà á, ọwọ́ kálukú sì yàtọ̀.

Ẹ wo Abátàn, obìnrin amọ̀kòkò Òkè-Ọ̀dàn tó mọ ìkòkò òrìṣà Erinlẹ̀ tó ní ère obìnrin lórí ìdérí. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lọ bá wọn, ó sì kọ ìwádìí odindi lé wọn lórí ní 1969. Ẹ yí ₦20 sẹ́yìn, ẹ ó rí Ladi Kwali nídìí ìkòkò rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni mo lè dárúkọ níwájú àwọn ọmọ mi láìṣiyèméjì, wọn ò sì tó.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda igun kan lójú ìwé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí òǹkàwé fi fọ́tò àdìrẹ tàbí ìkòkò ilé wọn ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ọnà tó wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é, agboolé rẹ̀, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi á máa gé e pamọ́ fún kíláàsì mi.

Ọjọ́ Sátidé yìí, mo ń lọ sí agboolé wa. Ìyá àgbà kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń bá Ìyá Aláró sá aṣọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Mo ti ra ìwé tuntun, fóònù mi yóò sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Orúkọ tí mo bá gbọ́, n óò fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan,
Ìbàdàn.