Ẹ má fi àṣàrò rọ́pò oògùn wárápá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tó ní wárápá, tó bá ń ṣe àṣàrò, lè pa oògùn tì. Ọ̀rọ̀ yẹn léwu gan-an. Ẹni tó bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, àìsàn náà lè gbé e léraléra títí ẹ̀mí á fi bọ́.

Síbẹ̀, n kò bu ẹnu àtẹ́ lu àṣàrò. Àìsùn àti ìdààmú ọkàn wà lára ohun tó máa ń ta wárápá jí, àṣàrò sì ń mú ọkàn balẹ̀. Ní 2015, àwọn oníṣègùn ní Hong Kong tẹ ìwádìí jáde lórí 60 èèyàn tí oògùn kò ká wárápá wọn. Ìgbé ayé àwọn tó kọ́ àṣàrò sunwọ̀n sí i. Èèyàn 60 kò pọ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe é. Lálaalẹ́, tó bá ti lo oògùn tán, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á gbé ọwọ́ lé itan, á máa ka èémí rẹ̀ láti oókan dé ẹẹ́wàá. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣáko lọ, á tún un kà. Wárápá ṣì ń gbé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí kì í jẹ́ kó sùn tẹ́lẹ̀ ti dín kù. Dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i, kò sì yọ hóró kan kúrò nínú oògùn rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.