Owó Kọ́ Ló Ń Dẹ́rù Ba Òǹwòran

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé àìlówó lọ́wọ́ ló sọ àwọn fíìmù adẹ́rùbani wa di ohun tí àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀rín, àti pé ọjọ́ tí owó ńlá bá wọlé ni ẹ̀rù yóò tó ba òǹwòran. N kò bá a jiyàn pé owó wúlò. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń fi káṣẹ́ẹ̀tì fídíò yáni ní Òṣogbo, tí mo sì máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n síta fún àwọn aládùúgbò ní alẹ́ Sátidé, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí lára àwọn òǹwòran nígbà náà kò jẹ́ kí n lè gbà pé ibi tó nawọ́ sí yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo rántí fíìmù kan tí iwin ti jáde láti inú igbó. Bojúbojú rọ́bà ni wọ́n gbé wọ òṣèré náà, etí rọ́bà ọ̀hún sì ká sókè lọ́rùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ọrùn ẹ̀wù tó wọ̀ sábẹ́. Nígbà tó na ọwọ́ láti fún obìnrin kan lọ́rùn, aago ọwọ́ rẹ̀ kọ mànà lójú wa. Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ní kí wọ́n bá òun bi iwin pé aago mélòó ló lù. Síbẹ̀, nígbà tí fíìmù parí tí a sì pa jẹnẹrétọ̀, tí òkùnkùn ṣú bo gbogbo wa, kò sí ẹni tó fẹ́ dá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọkùnrin tó béèrè aago yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì, kí n sin òun dé ẹnu ọ̀nà ilé òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti ka ẹ̀rín òǹwòran sí ẹ̀gàn mọ́. Bí ọmọdé ṣe máa ń kọrin nígbà tó bá ń dá gba ojú ọ̀nà tó ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà ń rẹ́rìn-ín níwájú iwin. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá kì í rẹ́rìn-ín. Oorun ló máa ń sùn, mo sì ti rí irú wọn náà lórí bẹ́ǹṣì mi.

Kí ló wá bà wọ́n lẹ́rù, nígbà tí kì í ṣe bojúbojú? Mo bi wọ́n ní ọjọ́ kejì, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọ́ka sí. Kí iwin náà tó yọjú, ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ ní àṣálẹ́ pé kí ó wá jẹun, ohùn ọmọ náà sì dáhùn láti inú igbó, bẹ́ẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ ọ̀hún tó sùn lórí ẹní nínú yàrá ni. Ìyá dákẹ́. Ó tún pe ọmọ náà, ohùn náà sì tún dáhùn, ó ti sún mọ́tòsí díẹ̀. Èló ni ìyẹn ná wọn? Ohùn ọmọdé kan ni, àti ọgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé pé a kì í ṣàdéédéé jẹ́ ìpè tí a kò mọ ẹni tó pè é.

Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kò ní gbàgbé fíìmù Agbára Ńlá, iṣẹ́ Mike Bamiloye àti àwọn òṣèré onígbàgbọ́ Mount Zion rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé owó ńlá ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Ìṣáwùrú, òṣìkà inú fíìmù náà, bá ti yọjú, abẹ́ tábìlì ni àwọn ọmọ mi máa ń sá sí, wọn a sì tún máa yọjú wò ó láti abẹ́ tábìlì náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1968, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, George Romero àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíya fíìmù ìpolówó ọjà, gbé Night of the Living Dead jáde, fíìmù tí òkú ti ń dìde tí wọ́n sì ń jẹ ẹran ara èèyàn. (Kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n ní àkúdàáyà o. Àkúdàáyà tiwa a máa ṣòwò, a sì máa fẹ́yàwó.) Èèyàn mẹ́wàá ló kọ́kọ́ dá $600 kọ̀ọ̀kan, gbogbo owó tí wọ́n sì ná títí dé òpin jẹ́ nǹkan bíi $114,000, èyí tó kéré púpọ̀ fún fíìmù ní ìlú wọn. Ilé oko kan tí wọ́n máa tó wó ni wọ́n lò, nítorí náà kò sí ẹni tó bínú bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n yà, ìyẹn ló fi ṣeé ṣe kí omi ṣokoléètì dúró fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ alápatà sì ni ẹran tí àwọn òkú ń jẹ ti wá.

Ẹ wá wo bí òkú àkọ́kọ́ ṣe wọlé. Ọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀ lọ sí ibojì bàbá wọn. Ọkùnrin náà rí i pé ẹ̀rù ń ba arábìnrin rẹ̀ láàárín àwọn ibojì, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń yí ohùn padà, ó sì ń nawọ́ sí ọkùnrin kan tó ń rìn bọ̀ lókèèrè bí ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ náà kò ní ìwo, kò sì ní eyín gígùn. Yẹ̀yẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí ó fi gbá obìnrin náà mú. Roger Ebert, tó ń ṣe àríwísí fíìmù fún ìwé ìròyìn kan ní Chicago, wo fíìmù yìí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọdé, ó sì kọ ọ́ pé ariwo àti ìdùnnú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àfi bó ṣe dé ìdajì tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, tí ọmọbìnrin kan tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jókòó láìmira, tó ń sunkún.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù wa lónìí, ìkánjú ni. Kí òǹwòran tó fìdí jókòó, iná kọ̀ǹpútà ti ń jáde lójú àǹjọ̀nú, mànàmáná ti ń kọ, a sì ti rí àǹjọ̀nú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Fágúnwà kò ní kámẹ́rà ní ọdún 1938 tó gbé Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, jáde nínú ìwé rẹ̀. Inú orí ẹni tó ń kàwé ni Àgbákò ti ń dàgbà. Bí a bá fi owó ńlá kún ìkánjú, àǹjọ̀nú olówó ńlá la ó máa fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyẹn ni yóò sì jẹ́ ẹ̀gàn ní tòótọ́.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú akọ̀wé yín, ohùn ni. Fíìmù tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, owó ló sì ń tún ìyẹn ṣe.

Káṣẹ́ẹ̀tì iwin aláago yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbé e kò sì tíì kú. Bí akọ̀wé yín bá fẹ́ wò ó, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ṣáà wá ní alẹ́, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Òṣogbo.