Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ lọ pàgọ́ létí odò Rio Grande

Bàbá Ìbejì,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. O ní ẹ fẹ́ wakọ̀ láti Houston lọ pàgọ́ ní Big Bend, páàkì ìjọba tó wà ní Texas, lóṣù Keje, pé Rio Grande Village lo mú nínú gbogbo ibùdó tó wà ní páàkì náà torí pé etí odò ló wà, ẹ ó sì máa gbádùn atẹ́gùn omi. Atẹ́gùn omi tí o kọ yẹn ló jẹ́ kí ìwé tèmi gùn báyìí. Nínú aṣálẹ̀ yẹn, kò síbi tó gbóná tó etí odò.

Odò ló wà nísàlẹ̀, òkè ló máa ń tutù. Rio Grande Village fi 1,850 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Chisos Basin tó wà láàárín òkè fi 5,400 ga ju òkun lọ. Bí èèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ooru á fi bí ìwọ̀n Fahrenheit 5 lé sí i. Lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, ara lè tu ẹni tó wà ní Basin nígbà tí ẹni tó wà létí odò ń wá ibi tí yóò sá sí. Omi náà kò sì pọ̀ tó ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ lára. Ó pọ́n bí amọ̀, ó máa ń fà gan-an nígbà ọ̀dá, òkúta tó yí i ká á mu oòrùn lọ́sàn-án bí ààrò, á wá máa tú u jáde títí di òru. Àgọ́ kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ló le jù. Lóṣù Keje, òjò ìrọ̀lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 100 kì í ṣe ìròyìn lápá odò. Lóṣù Kẹfà 2023, lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ Marufo Vega tí kò jìnnà sí ibùdó yìí, ooru dé ìwọ̀n 119, ìyẹn 48 ní Celsius. Ọmọ ọdún 14 kan dákú lójú ọ̀nà náà. Ọkọ ìyá rẹ̀ sáré padà lọ wá ìrànlọ́wọ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì já sí gegele. Àwọn méjèèjì ló kú. Ọmọ ọdún méje ni tìrẹ.

Nítorí náà, gbàgbé oṣù Keje. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì ni kí o máa wò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Texas ló ń sinmi fún odindi ọ̀sẹ̀ ní Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ yẹn bá yín mu, àmọ́ gbogbo Texas ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìkànnì Recreation.gov ni wọ́n ti ń gba ààyè, oṣù 6 ṣáájú ni wọ́n sì ń ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ Thanksgiving, oṣù Karùn-ún ni yóò ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Oṣù Kẹta náà dára lójú ọjọ́, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní ìsinmi kì í jẹ́ kí èèyàn rí ààyè. Má ṣe wakọ̀ máìlì 600 lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ẹ ó rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹ bá débẹ̀.

Ẹ kó aṣọ òtútù dání o. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í di ooru mú. Ọ̀sán lè wà ní ìwọ̀n 70, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti fẹ́ di yìnyín. Bí ọyẹ́ ilé ni, àmọ́ ó ju ti ilé lọ: ètè á là, imú á gbẹ. Ìpara wà lára ẹrù tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé.

Ààyè àgọ́ 100 ló wà ní ibùdó náà. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Ilé ìgbẹ́ olómi wà, ẹ̀rọ omi mímu náà wà. Ilé ìtajà kan wà nítòsí tó ń ta yìnyín, epo àti oúnjẹ díẹ̀, ó sì ní balùwẹ̀ tí èèyàn ń sanwó lò. Bí o bá ń yan ààyè lórí máàpù, má wo bó ṣe sún mọ́ odò tó. Wo ibi tí igi wà níhà ìwọ̀-oòrùn, nítorí oòrùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń pa èèyàn, kì í ṣe ti àárọ̀. Igi cottonwood ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òjìji rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbẹ lè já láìsí ìjì kankan. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó tẹ́ àgọ́. Nígbà tí ooru bá wà, ẹ wo ilẹ̀ náà pẹ̀lú: bí ẹ bá rí àbàwọ́n funfun yí ìdí igi ká, igúnnugún ló ń sùn lókè rẹ̀.

Èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bá àgọ́ wá kò wúlò níbẹ̀. Ilẹ̀ náà le, òkúta wẹ́wẹ́ dí inú rẹ̀, èèkàn yẹn á tẹ̀ kó tó wọlé. Ra èèkàn irin gígùn bí íǹṣì 10, kí o sì mú òòlù dání. Bí ẹ bá ta tápólì fún òjìji, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ń kúrò nídìí àgọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán máa ń dé lójijì láti àárín òkè, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń gbé lọ ni tápólì tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀, tòun ti òpó irin tó lè bá ọkọ̀ aládùúgbò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gùn jù. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní javelina. Ó jọ ìmàdò, ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ. Agbo ni wọ́n máa ń rìn, ojú wọn ò ríran dáadáa, imú wọn ni wọ́n ń lò. Wọn kì í wá bá èèyàn jà, oúnjẹ ni wọ́n ń wá, aṣọ àgọ́ kò sì jẹ́ nǹkan lójú wọn. Béárì dúdú náà wà ní páàkì náà. Torí èyí ni wọ́n fi gbé àpótí irin sí ibùdó. Ohun gbogbo tó bá ní òórùn ni kó wọ inú rẹ̀, tàbí kó wà nínú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ pa: oúnjẹ, kúlà, ìkòkò tí a kò tíì fọ̀, ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín, ìpara ètè, súìtì àpò àwọn ọmọ. Kúlà tó ṣófo pàápàá ń rùn lójú ẹranko. Má sì jẹ́ kí ìyàwó wa kó irú tàbí panla sínú àgọ́ ní alẹ́, bó ti wù kó dì í nínú ọ̀rá tó. Òórùn tó ń pe ọmọ Yorùbá láti ojú pópó á pe javelina láti òdìkejì odò.

Wọn kò gba igi ìdáná rárá ní páàkì náà, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ rà wá láti ilé. Èédú lórí ìyanran irin tó wà ní ààyè yín ni wọ́n fàyè gbà, bí wọn kò bá tíì fòfin de iná lákòókò náà. Sítóòfù gáàsì kékeré ni kí ẹ gbọ́kàn lé. Ẹ se ọbẹ̀ nílé, kí ẹ dà á sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú fíríìsà títí yóò fi le bí pákó. Òun gan-an á ṣe iṣẹ́ yìnyín nínú kúlà fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìrẹsì nìkan lẹ ó máa sè. Gààrí dára, kò nílò iná, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò omi rẹ̀ mọ́ omi mímu.

Omi: gálọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́. Ẹ̀yin mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta, gálọ̀nù 12. Ẹ̀rọ omi wà ní ibùdó lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìgò omi yín kún nínú ọkọ̀ kí ẹ tó jáde, torí kò sí omi lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí ó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ fi omi tutù nù ún lára, kí ẹ sì máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀: síbí kékeré 6 ṣúgà àti ààbọ̀ síbí kékeré iyọ̀ nínú lítà omi kan. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dàrú, ẹ má dúró wo ohun tí omi yẹn á ṣe, ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ páàkì. Omi odò kò ṣeé mu, kò sì yẹ kí àwọn ọmọ wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú wà nínú rẹ̀, amọ̀ rẹ̀ á dí asẹ́ omi, ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ kò sì jọ ti òkè.

Odò yẹn gan-an ni ààlà. Apá ibí Texas, apá ọ̀hún Mexico. Nígbà tó bá fà, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ lè rí ọ̀pá ìtilẹ̀ tàbí àkeekèé tí wọ́n fi wáyà ṣe lórí òkúta, pẹ̀lú ìgò tí wọ́n ní kí a fi owó sí. Ẹ má rà á. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i lọ́wọ́ yín, gbígbà ni wọn á gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ dé abúlé Boquillas, ibodè tí òfin mọ̀ wà nítòsí ibùdó, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣí, ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, títí kan ti àwọn ọmọ. Ìwọ tó jẹ́ gíríìn káàdì lo ní, òun àti páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, ì báà má ṣe pé o fẹ́ sọdá. Bí ẹ bá ń jáde lọ sí àríwá, Border Patrol, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà, ní ibi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà, wọn á bi yín níbi tí ẹ ti wá. Òfin ní kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 máa mú káàdì yẹn rìn nígbà gbogbo. Fọ́tò inú fóònù kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Fóònù pàápàá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mexico ló máa ń gbé nígbà tó bá rí nǹkan gbé, owó á sì máa lọ. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ nílé. Ẹ ra epo ní Fort Stockton, kí ẹ tún wo gééjì ní Marathon, torí nǹkan bíi máìlì 70 ló wà láti ibẹ̀ dé Panther Junction tó jẹ́ olú ọ́fíìsì páàkì náà, 20 sì kù dé ibùdó.

Bí ẹ bá tilẹ̀ yí ìmọ̀ràn mi dà tí ẹ lọ láàárín oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, àgbàrá ni kí ẹ máa ṣọ́. Òjò tó ń rọ̀ lórí òkè tó jìnnà lè kún ojú àgbàrá tó gbẹ níwájú yín láìsí ìkán omi kan lórí yín. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí omi bá ti bo ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ dúró. Ó máa ń fà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ohun tí àwọn ìbejì á rántí kò pọ̀, kò sì jìnnà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Rio Grande Village Nature Trail kò tó máìlì kan, ó gba orí afárá pákó lórí adágún kékeré. Irú ẹja kékeré kan ń gbé ní àgbègbè yẹn tí kò sí níbòmíràn láyé, Gambusia gaigei. Ẹ gun òkè tó wà lópin rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ó rí òkè Sierra del Carmen tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Boquillas Canyon jẹ́ máìlì 1.4 ní àlọ àti àbọ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Ìsun omi gbígbóná tó wà létí odò, ìwọ̀n 105, dára lẹ́yìn òtútù òru, ṣùgbọ́n bí odò bá kún, á bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná. Láti 2012 ni wọ́n ti ka páàkì yẹn mọ́ àwọn ibi tí òkùnkùn rẹ̀ mọ́ jù lágbàáyé. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àkeekèé fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìgbẹ́, torí ejò tó ń mi ìrù bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo mì ín.

Bí o bá ti mú ọjọ́, fi nọ́ńbà ààyè àgọ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó, kí n bá ọ wò ó bóyá igi wà níwọ̀-oòrùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.