Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ẹranko igbó wa láàyè

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ẹ ń kó ọmọ wálé sí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ sì ń padà lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló mọ kìnnìún àti àgùnfọn dáadáa nítorí pé wọ́n ń rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè dá ẹtu mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀yà. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé àwọn méjèèjì ni ẹ̀bá títì márosẹ̀ tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti yan wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì nà wọ́n sórí igi fún títà. Ó ń dùn mí gan-an pé orí àtẹ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ rí ẹranko ilẹ̀ baba rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwa àgbà bá ti wọ aṣọ ẹbí jáde lọ sóde ìnáwó, tí àwọn ọmọ sì jókòó ti fóònù nínú ilé, ẹ̀ga ń bẹ lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbé àga síta kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ tẹjú mọ́ akọ ẹ̀ga kan ṣoṣo. Yóò fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tín-ín-rín, yóò gbé e fò lọ sórí ẹ̀ka tó ti yàn, yóò sì máa kì í bọ inú ara wọn, yóò máa fà á yọ, títí ìtẹ́ náà yóò fi rí roboto, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò sì dojú kọ ilẹ̀. Bó bá parí rẹ̀, yóò rọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, yóò máa ju ìyẹ́ pì-pì-pì láti pe abo wá yẹ ilé wò. Bí abo kò bá gba ilé náà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo mọ̀ pé inú àwọn àgbẹ̀ kì í dùn sí ẹ̀ga nítorí àgbàdo àti ìrẹsì, n kò sì dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ọmọdé yóò fi máa ta kànnàkànnà sí ẹ̀ga tó ń kọ́lé lórí ọ̀pẹ àárín ìlú.

Bákan náà ni agẹmọ tí wọ́n ń sọ lókùúta. Kò ní oró, kì í sì í lé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró díẹ̀ kó wo bí ojú rẹ̀ kan ṣe ń wo iwájú nígbà tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Àdán tí a sì ń pè ní ẹyẹ àjẹ́ wà lára àwọn tó ń gbé èso ìrókò jẹ, tó sì ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, tí ìrókò mìíràn fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí.

Ti akíka ló ká mi lára jù. Ìkán àti èèrà ni oúnjẹ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, tí yóò gùn ún ní ìdí ìrù kiri. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ sínú ìpẹ́. Ìpẹ́ yìí le débi pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu ẹkùn, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ lọ́wọ́ èèyàn, nítorí pé ńṣe ni èèyàn kàn ń gbé e sínú àpò. Lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fòfin de òwò irú akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà láyé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òbí tó bá ra òkú akíka lójú ọmọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ ọ?

A ní igbó ńlá Omo ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, sì fọwọ́ sí lọ́dún 1977 gẹ́gẹ́ bí ibi ìdáàbòbò ẹ̀dá alààyè. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó ọmọdé lọ bá erin. Èyí tó súnmọ́ wa jù ni Erédò Sùǹgbọ́, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó sì jìn tó 20 mítà ní àwọn ibì kan. Nítorí pé etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ṣòro láti dáko sí, àwọn igi rẹ̀ sì ń ṣíji bo ọ̀kẹ́rẹ́ àti onírúurú ẹyẹ. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà sára ohun àjogúnbá àgbáyé, síbẹ̀ ìdílé tó bá fẹ́ rìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò ní rí ojú ọ̀nà tààrà.

Mo fi àkókò yìí bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí Erédò gba ilẹ̀ wọn kọjá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá Òkè-Ẹ̀rí. Kí wọ́n la ojú ẹsẹ̀ kan láìgé igi, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbẹ́ ilẹ̀ odi náà kọ́lé. Kí wọ́n fún àwọn ọdẹ tó mọ igbó náà ní owó oṣù láti máa mú ìdílé yí i ká, kí wọ́n sì máa kìlọ̀ fún wọn nípa ejò àti bàtà tó yẹ kí wọ́n wọ̀. Ọdẹ tó bá ń rí owó lórí ẹranko tó wà láàyè kò ní kánjú láti yìnbọn fún un. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ wa lè rìn níbẹ̀ nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan láti Ìjẹ̀bú-Òde