Ẹ gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá sọ́jà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣètò adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ wa létí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, abúlé àwọn oníṣẹ́ gàrí ni mo sì ń gbé.

Òfin ìlera tọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó tó ń wọlé fún un, kí wọ́n sì fi ìdajì rẹ̀ tọ́jú ará ìlú láìgba kọ́bọ̀. Tálákà, aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó àti akanda ẹ̀dá ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé adójútòfò náà, owó ni yóò san ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Mo mọ aláboyún kan tó ń yá owó ra oògùn ibà. Èmi ni mo gbẹ̀bí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i. Ó dùn mí gan-an.

Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní àwọn ti kéde ìforúkọsílẹ̀. Lórí rédíò ni, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn èèyàn wa wà lóko. Ìlú ńlá ni wọ́n jókòó sí láti kọ orúkọ, owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ sì ju èrè ẹni tó yan gàrí lóòjọ́ lọ. Àwọn tó tiraka débẹ̀, ọ̀rọ̀ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ló dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Ìyá àgbà kan ti bó ẹ̀gẹ́ títí ojú ìka rẹ̀ fi dán, ẹ̀rọ kò rí ìtẹ̀ka rẹ̀ kà. Wọ́n ní kó lọ padà wá. Kò padà lọ, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ọrọọrún la ń ná ọjà wa, gbogbo abúlé àyíká ló ń pàdé níbẹ̀. Ẹ wá bá wa níbẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣe NIN àti ẹni tó ń kọ orúkọ jọ wá, kí wọ́n sì ní sùúrù fún àwọn arúgbó. Ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà àti àwa tí wọ́n mọ̀ jókòó tì yín, torí ọ̀pọ̀ ló ń rò pé olóṣèlú ló ń ka orí àwọn, tàbí gbájúẹ̀ tó ń wá nọ́ńbà báńkì. Èmi yóò jókòó láti àárọ̀ títí ọjà yóò fi tú, n kò béèrè owó. Ẹ ṣáà jẹ́ ká mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí wọ́n lè lu agogo rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó bá ṣáájú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Agbẹ̀bí